Ẹja tí a fi túràrí ìyá àgbà yan

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣì lè wọnú àpótí ìyá àgbà wa kí ìdérí pa dé, òórùn inú àpótí náà ni mo fẹ́ràn jù nílé wa ní Dowa. Igi túràrí ni, pẹ̀lú kànáfùrù, tí wọ́n wé sínú aṣọ funfun. Á kọ́kọ́ ta ọ́ nímú bí ata, á wá dùn, á sì gbóná lọ́fun bí ẹ̀kọ àárọ̀. Ìyá àgbà, Sàfúrátù lorúkọ wọn, ti kìlọ̀ fún wa: "Ti òkú mi ni, òun ni wọn ó sun nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ mí. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, òun ni mà á kọ́kọ́ bẹ̀ wò láti ọ̀run."

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, ìyá wa ń lọ sọ́jà Ouando, wọ́n ní kí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Múíbátù yan agbọ̀n ẹja kan. Igi ìdáná tutù rinrin. A fẹ́ná títí ojú wa pọ́n, ẹja sì ti ń rọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí ojú ọmọ tó bá ba ẹja jẹ́ máa ń rí. Múíbátù bá wo àpótí. Ó ní, "Igi ṣáà nigi."

Iná gbà! Èéfín kún agbolé. Ìyá àgbà jí lójú oorun ọ̀sán, wọ́n fínmú, wọ́n di òpó ilẹ̀kùn mú.

"Ta ló kú nínú ilé yìí?"

Ìyá àgbà wo ara wọn láti òkè délẹ̀.

"Àbí èmi ni?"

Múíbátù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí ẹgba tí a jẹ. Oníbàárà ìyá wa kan tọ́ ẹja náà wò, ó tu ú: "Ó dà bí ẹni ń jẹ agbádá ọkọ ìyàwó!" Àwa méjèèjì la jẹ ẹ́ tán, ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ìyá àgbà ní, "Ẹ ti jẹ túràrí mi. Mi ò lè kú mọ́ báyìí." Nígbà tí Múíbátù dàgbà tó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ó ra òmíràn fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n tì í mọ́nú àpótí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń lé àwọn. Nígbà tí wọ́n sì lọ sọ́run, ìdajì la lò.

Lónìí, lọ́fínńdà inú ìgò làwọn ọmọ wa ń fín sára. Kí wọ́n tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti lọ. Lóṣù tó kọjá, Múíbátù náà lọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ gbé ìgò wá fún òkú, mo ní rárá. Mo mú ìdajì igi tó kù, mo fi síná. Èéfín ò tíì dé àjà tí itọ́ ti kún mi lẹ́nu. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ di Ìyá mú o, ọ̀fọ̀ ti dà wọ́n lórí rú!" Ìyàwó ọmọ náà ló ké bẹ́ẹ̀, ó nawọ́ sí mi.

Orí mi pé. Ẹja ló ń wù mí jẹ. Nígbà yẹn, àwa méjì la jẹ ẹ́ tán. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí à bá jọ jẹ ẹ́ ni wọ́n ń wé sínú aṣọ funfun.