Òkìtì Lẹ́búlẹ́bú Pákó

Ní agogo méje àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, rédíò sọ pé yìnyín ya lulẹ̀ lórí òkè kan nílẹ̀ òyìnbó, ó sì bo àwọn tó ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n ní oòrùn ìparí ìgbà òtútù ló fà á. Òórùn pákó tútù ló sọ sí mi nímú.

Nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n, lẹ́búlẹ́bú pákó la fi ń dáná l'Ágége. Òkìtì rẹ̀ ga ju òrùlé lọ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ ìlapákó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ojú òkìtì náà tutù, ó sì le bí èépá. Èyí tó tutù kì í gbaná, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi, Sídí, gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ wọlé láti bu èyí tó gbẹ. Èmi ni mo di àpò mú.

"Sídí, ṣé o fẹ́ kọ́lé síbẹ̀ ni?" Ìyá Rúkà, aládùúgbò wa, ló bi í.

"Ẹ wá gba yàrá kan, Màmá. Mi ò ní gbowó àsansílẹ̀."

A ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí òkìtì náà ya lulẹ̀. Ìró rẹ̀ ò ju ti ìrẹsì tí wọ́n dà sínú abọ́ lọ. N ò rí Sídí mọ́. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èyí tó gbẹ tí à ń kó ló gbé èyí tó tutù dúró. Ìyá Rúkà ń fi ọwọ́ méjèèjì wà á, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, títí ẹsẹ̀ kan fi yọ, wọ́n sì fà á jáde.

Rédíò ò sọ iye àwọn tó yè lórí òkè. Sídí wúkọ́ títí di alẹ́. Lẹ́búlẹ́bú inú àpò tí mo dì mú la fi se ẹ̀wà, mo sì rí i tó jẹ àwo méjì.