Mọ́tò Tí Kò Lórí

Mo ti fowó ra ìranù láyé mi, àmọ́ mọ́tò yẹn ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń pa gbogbo wa bí ọtí ni. Ẹni tí kò ní iná mànàmáná nílé ra fíríìjì, ó ń kó aṣọ sínú ẹ̀. Èmi akọ̀wé, tí mò ń gbé yàrá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá nígbà tí ọ̀bọ ṣì ń yọjú sí wa lójú fèrèsé, mo ní èmi náà ò ní kẹ́yìn. Òyìnbó kan ń kó lọ sí ìlú ẹ̀, mo bá ra mọ́tò eré ìje tó fẹ́ fi sílẹ̀. Ó pupa fòò, ìjókòó méjì péré ló ní, ìdí ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀, kò sì ní òrùlé. Sítíárì ẹ̀ tún wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo wa máa gba ọwọ́ ọ̀tún títì ni. Tí mo bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, mi ò rí iwájú rárá, àdúrà ni mo fi ń ríran. Ọlọ́gbọ́n ni mí, àbí?

Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní aláìlórí, torí orí mọ́tò la máa ń pe òrùlé ẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé orúkọ yẹn ò dùn ún gbọ́. Orí kan náà là ń bẹ̀ láràárọ̀ kó gbè wá.

Ọjọ́ tí mo gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kí ìyá mi lè rí i, láti ẹnu odi ìlú ni mo ti ń fọn fèrè. Mo ṣílẹ̀kùn, mo ní, “Màámi, ẹ wọnú mọ́tò, ẹ jẹ́ ká jáde.” Wọ́n yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró.

“Orí ẹ̀ dà?”

Mo ní bí òyìnbó ṣe ṣe é nìyẹn.

“Èmi ò gun nǹkan tí kò lórí.” Ni wọ́n bá padà sínú ilé, wọ́n tilẹ̀kùn.

Inú bí mi débi pé mi ò dúró jẹun. Nígbà tí mo dé Ẹ̀gbẹ́dá, mo sọ ọ́ di àwàdà. Gbogbo ibi tí èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi bá ti jókòó ni mo ti ń fi ohùn ìyá mi béèrè pé “Orí ẹ̀ dà?”, tí wọ́n á máa fi ẹ̀rín yí nílẹ̀. Ará oko ni ìyá mi, èmi ni ọ̀làjú.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún ló wá bá ọ̀làjú sọ̀rọ̀. Ó rọ̀ kún inú mọ́tò, mo fi ike gbọ́n ọn títí apá mi fi kú. Nígbà tó máa fi tó òjò kẹta, ọ̀pọ̀lọ́ ti ń ké lábẹ́ ìjókòó mi. Mo fìbínú tà á fún télọ̀ kan ní Akówọnjọ, mi ò sì sọ fún ará ilé.

Ọdún kejì ẹ̀ ni ìyá mi ránṣẹ́. Ojú wọn ti ń ṣú, ọ̀kan tiẹ̀ ti lọ pátápátá. Wọ́n ní kí n gbé mọ́tò mi wá, bó lórí bí kò lórí, kí n fi gbé wọn lọ sí Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè fojú rí àbúrò wọn obìnrin kí ojú kejì tó lọ. Wàhálà dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti béèrè mọ́tò yẹn lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ní ó wà níbẹ̀, koko lara ẹ̀ le. Bí mo bá gbé takisí lọ, àṣírí irọ́ mi tú nìyẹn. Bí mo bá sì ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ojú wọn ò ní dúró dè mí.

Télọ̀ ní òun ti tà á fún ẹnì kan lápá Ìgàndó, òun ò mọ ilé ẹ̀. Ni mo bá ń fẹsẹ̀ rìn láti Ìkòtún lọ, lójú ọ̀nà tí erùpẹ̀ pupa ti kùn mí látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí mò ń bi gbogbo ayé pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ bá mi rí mọ́tò aláìlórí?” Ẹ gbọ́ ìbéèrè! Bàbá kan tó di tẹ̀síbáà mú ní “Astagafúrúláì!”, ó sáré wọlé. Obìnrin kan tó ń din àkàrà ní kí n kọ́kọ́ lọ wá orí tèmi rí ná.

Lọ́jọ́ kẹta, ní Ẹgàn, ẹsẹ̀ ti ń ro mí, mo bá jókòó sórí imú mọ́tò jákujàku kan tí erùpẹ̀ ti bo àwọ̀ ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù jórinjórin. Wọ́n ti fi páànù kan òrùlé fún un, òrùlé náà ga bí ahéré, ọ̀pá irin sì kún inú ẹ̀. Mo ń bú ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú mi. Jórinjórin jáde wá, mo bi í ní ìbéèrè mi.

“Aláìlórí kẹ̀? Kò sí aláìlórí níbí o, ọ̀gá.” Ó na ọwọ́ wọnú mọ́tò náà, ó fọn fèrè kí ewúrẹ́ kan lè kúrò lọ́nà.

Mo fò dìde. Mo mọ fèrè yẹn!

“Mọ́tò mi rèé!”

“Ẹ̀yin lẹ tà á láìlórí?” Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Èmi ni mo bá yín dé e lórí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi jó o.” Ó ń retí kí n dúpẹ́. Mo dúpẹ́.

Mo sọ òótọ́ fún un, ti ojú ìyá mi àti ti irọ́ mi. Ó gbà pé ká lọ, àmọ́ òun fúnra òun ló máa wà á, torí òun ò lè fa mọ́tò lé ẹni tó gbé ti ara ẹ̀ kalẹ̀ fún òjò lọ́wọ́.

Nígbà tá a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá mi jáde, wọ́n ń fọwọ́ wá ara mọ́tò náà kiri títí ọwọ́ wọn fi kan páànù. Èmi aláwàdà, mo ní, “Màámi, ó ti lórí báyìí o. Ẹ lè gùn ún.”

“Orí wo?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “O gba ìyẹn gbọ́ ni?”

“Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́.”

“Kí ni ǹ bá sọ? Ìró tí mo ró lọ́jọ́ yẹn, àbùlẹ̀ mẹ́ta ló wà lójú ẹ̀, òun nìkan ni mo sì ní tó ṣeé ró jáde. Mọ́tò tó ṣí sílẹ̀ gbayawu! Ṣé kí gbogbo àdúgbò máa wò ó pé ọmọ tó ra mọ́tò ò raṣọ fún ìyá ẹ̀? Mo kàn wá nǹkan sọ ni, jàre.”

Wọn ò bínú o. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ohun tá a jẹ lánàá. Jórinjórin ń wolẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo lè kọjú sí.

Wọ́n jókòó síbi tí mo jókòó sí wá, èmi ni màá ká sẹ́yìn láàárín ọ̀pá irin. Wọ́n fa ìró wọn mọ́ra kí ilẹ̀kùn má bàa há a. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n bá wọn tì í. Mo wo ìró náà, mo ka àbùlẹ̀ ojú ẹ̀. Mẹ́ta ni.