Kóòtù Tí Malachy Tuohy Ò Yí Padà

Wọ́n fún Malachy Tuohy ní àmì ẹ̀yẹ akin lójú ogun, àmọ́ lọ́jọ́ tó délé, ìyá ẹ̀ ò jẹ́ kó wọlé.

Abúlé Cloonagh, lẹ́bàá àbàtà nílẹ̀ Áílándì, ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ bàbá ẹ̀ náà ló ń ṣe: kó gé ẹrẹ̀ dúdú lábàtà, kó sá a gbẹ, káwọn èèyàn fi dáná. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í gbélé. Nígbà tógun Jámánì bẹ́ sílẹ̀, ó ní ṣé inú ẹrẹ̀ lòun máa kú sí ni? Ló bá wọṣẹ́ sójà.

Nílẹ̀ Faransé, kùrukùru bolẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Sójà mẹ́rin fara gbọta níwájú, wọ́n ń ké. Malachy rá jáde láti gbé wọn, àfi bí ò ṣe mọ iwájú, tí ò mẹ̀yìn mọ́. Ló bá ṣe ohun tí gbogbo ọmọ Cloonagh máa ń ṣe tílẹ̀ bá ṣì wọ́n lọ́nà: ó bọ́ kóòtù, ó yí i sódì, ó wọ̀ ọ́ padà. Kíá, ọ̀nà là. Ó gbé ẹnì kan, ó gbé ìkejì, ó gbé ìkẹta. Ó ku Hession, ọmọ ìlú Galway tó máa ń kọrin lójú oorun. Ìbọn bá Malachy léjìká, ó sá padà. Hession ṣì ń pè é.

"Akin gidi!" lọ̀gá wọn wí. Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ láyà.

Sabina, ìyá ẹ̀, gbọ́ gbogbo ìtàn yìí lẹ́nu Malachy tán láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò tiẹ̀ wo àmì ẹ̀yẹ.

"Nígbà tó o jáde nínú kùrukùru yẹn, ta ló yí kóòtù yẹn padà?"

"Kò sẹ́ni tó yí i, Màmá. Àwọn nọ́ọ̀sì fi sísọ́ọ̀sì gé e lára mi ni."

"Hẹn-ẹn. O ò tíì jáde níbẹ̀ nìyẹn."

Colman, aládùúgbò wọn tó jókòó sórí ògiri níta, tó ń fa páìpù tábà, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Malachy, ẹ gba Ọlọ́run gbọ́! Sójà ńlá lẹ ń tì mọ́ta? Ó kéré tán, ẹ gbé tíì fún un lójú fèrèsé!"

"Colman, pa ẹnu ẹ dé kí páìpù ẹ má jábọ́." Ó nawọ́ gba ojú fèrèsé, ó di ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú. "Ọwọ́ ẹ tutù bí ọwọ́ òkú. Lọ sí pápá Lisheen, níbi tílẹ̀ ti máa ń ṣini lọ́nà. Yí kóòtù tó o wọ̀ yìí sódì níbẹ̀, kó o sì fọwọ́ ara ẹ yí i padà. Tó ò bá ṣe é, má kanlẹ̀kùn yìí mọ́."

"Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀!"

Àmọ́ ó lọ. Láti ọjọ́ tó ti kúrò lọ́sibítù, gbogbo oúnjẹ ló ń dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu ẹ̀. Ilé ló fẹ́ wọ̀.

Ó mọ pápá yẹn bí ẹni mowó: ògiri òkúta yí i ká, géètì kan péré. Ó wọlé, ó bojú wẹ̀yìn, géètì ti pòórá. Ó fọwọ́ tọ ògiri lọ, ògiri ò tán. Ó yí kóòtù sódì, àmì ẹ̀yẹ kàn án láyà bíi yìnyín. Géètì yọ. Ó fẹ́ yí kóòtù náà padà.

"Malachy."

Ohùn Hession ni. Kò pariwo rárá, ẹ̀gbẹ́ etí ẹ̀ gan-an ló ti wá.

"Má tíì yí i. Dúró dè mí, mo ti ń bọ̀."

Malachy rí èéfín ilé ìyá ẹ̀ lókèèrè. "Hession, jọ̀ọ́, má bínú." Ó yí kóòtù padà. Ohùn náà dá lójijì, bíi pé wọ́n fọwọ́ bo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Sabina nawọ́ lójú fèrèsé, ó fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ara ẹ ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣé ìwọ nìkan lo bọ̀?"

"Èmi nìkan ni, Màmá."

Ìyá ẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Pòtétò àti wàrà kíkan, adùn ẹ̀ padà sí i lẹ́nu. Ibi tó ti ń jẹun ló ti gbọ́ ohùn Colman níta: "Ta ló ń béèrè ọ̀nà Galway? Jáde síbí, mi ò rí ẹ o!"

Sabina rọra ti ilẹ̀kùn. "Jẹun," ló wí.

Malachy gbé ilé yẹn títí ó fi darúgbó. Ó fẹ́yàwó, ó sin àgùntàn. Àlejò tó bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣe ló máa pẹ̀yìn dà. Àwọn ará abúlé ní ìgbéraga àmì ẹ̀yẹ ló ń gùn ún.