Ìbọ̀wọ́ Tí Mo Bọ́ Nítorí Ìyá Èjìnrìn

Ọwọ́ mi ló ba iṣẹ́ náà jẹ́. Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí iṣẹ́ láàbù kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ tí a fi ọṣẹ fọ̀ ṣì lè ba nǹkan jẹ́.

Ìkòròdú ni mò ń gbé, ilé ìwòsàn kan ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ó kù díẹ̀ ká wọ ọdún 2010 nígbà tí dókítà obìnrin kan dé láti yunifásítì. Làkúrègbé orúnkún ló ń wádìí, èyí tí ohun rírọ̀ tó ṣe bí tìmùtìmù láàárín egungun fi máa ń gbó tán díẹ̀díẹ̀. Ó ní nǹkan tíntìntín kan wà nínú ara tó ń jẹ́ microRNA, tó máa ń pa àwọn àṣẹ kan tí ara ń tẹ̀lé lẹ́nu mọ́. Bó bá pa àṣẹ tó ń tún tìmùtìmù yẹn ṣe lẹ́nu mọ́, orúnkún bàjẹ́ nìyẹn. Bí a bá mọ èyí tó ń ṣe é, bóyá oògùn lè dá a lọ́wọ́ kọ́ lọ́jọ́ kan. "Bóyá ni mo wí o," bó ṣe máa ń fi kún un nìyẹn.

Òun á fi abẹ́rẹ́ fa omi orúnkún tó wú, èmi á di ẹsẹ̀ mú, màá pín omi náà sínú ìgò kéékèèké, màá kó o sínú yìnyín, kí wọ́n lè wá microRNA nínú rẹ̀.

Ìyá Ràfíátù wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti Èjìnrìn. Orí àga ni wọ́n ti ń kírun. Kí àwọn tún lè forí kanlẹ̀ ni wọ́n ń wá. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, wọ́n fà á sẹ́yìn.

"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé ẹlẹ́tẹ̀ ni mí?"

"Rárá o, Ìyá."

"Kí ló dé tó o fi rọ́bà dì mí mú? Ṣé bó o ṣe ń di ìyá ẹ mú nìyẹn?"

Ojú tì mí. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo fọ ọwọ́ mi, mo di ẹsẹ̀ mú. Ìyá wúre fún mi. Ọwọ́ lásán yẹn náà ni mo fi ṣí ìgò, òun ni mo fi dé e.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì dé. Omi àwọn yòókù sọ̀rọ̀, ti Ìyá dákẹ́: wọn ò rí microRNA kankan nínú rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ wọ ìbọ̀wọ́ lọ́jọ́ Ìyá Èjìnrìn?" ni Dókítà bi mí.

Mo lè purọ́. "N ò wọ̀ ọ́, Dókítà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní ohun kan wà lára awọ gbogbo ènìyàn tó máa ń jẹ microRNA run, ọṣẹ ò sì ràn án. Àfi ká tún gún Ìyá lábẹ́rẹ́. "Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ wọ́n o."

Mo lọ sí Èjìnrìn, mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, kì í ṣe ìdọ̀tí yín ni mò ń fi ìbọ̀wọ́ sá fún. Ọwọ́ tèmi ni kò mọ́ tó fún omi yín."

Ìyá bi mí pé, "Ìwọ gan-an wá ni ẹlẹ́tẹ̀?"

"Èmi ni, Ìyá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Abẹ́rẹ́ yẹn dùn mí gan-an. Ṣé oògùn ọ̀hún á bá mi láyé?"

"Ìyá, n ò lè purọ́ fún yín. Bóyá ni kó bá yín."

Wọ́n yíjú sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí Ràfíátù ọmọ wọn ti ń sá ẹ̀gẹ́. Ó fẹ́ dìde, ó kọ́kọ́ di orúnkún mú.

"Ṣé o rí i?" ni Ìyá wí. "Màá wá."

Wọ́n wá lóòótọ́. Wọ́n na ẹsẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n tó sọ̀rọ̀. "Ẹlẹ́tẹ̀, wọ ìbọ̀wọ́ ẹ." Lọ́tẹ̀ yìí, omi wọn sọ̀rọ̀.

Títí mo fi fẹ̀yìn tì, oògùn náà ò tíì dé, orí àga ni Ìyá ṣì ti ń kírun. Ṣùgbọ́n kí n tó wọ ìbọ̀wọ́ lójú àgbà, mo kọ́kọ́ máa ń wí pé, "Ẹ má bínú, ọwọ́ mi ni kò mọ́." Kò sẹ́ni tó tún fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.