Àjẹ̀ Ṣùáíbù

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Abereke, wọn á sọ fún yín pé Ṣùáíbù kì í gbé àjẹ̀ wọlé. Létíkun tiwa, tí èèyàn bá ti tukọ̀ gúnlẹ̀, àjẹ̀ tó fi tù ú ló máa kọ́kọ́ gbé lé èjìká, nítorí ẹni tó bá fi àjẹ̀ sílẹ̀ sínú ọkọ̀ ti fi ọkọ̀ náà ta olè lọ́rẹ. Ọmọdé pàápàá mọ èyí. Ṣùáíbù nìkan ni kò ṣe é. Wọ́n ti jí ọkọ̀ rẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó rẹ̀, Mùínátù, sì ti sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi bó o. Àwọn aláìmọ̀kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pa wọ́n lẹ́nu mọ́ lónìí.

Ogun Hítílà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Akódà kan já àwọ̀n gbà lọ́wọ́ Ṣùáíbù àti àbúrò rẹ̀, Gàfárù, àwọn náà sì lù ú bí ẹni lu bàrà. Adájọ́ sọ àwọn méjèèjì sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kan tí ìjọba òyìnbó kọ́ sétí ọ̀sà, ilé pákó onímọ̀ọ̀pẹ tó dúró lórí òpó. Ẹrẹ̀ odò ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń gbẹ́ níbẹ̀ kí ọkọ̀ ìjọba lè ráyè kọjá. Ọ̀gá wọ́dà wọn ni Ògúnlànà, ará òkè kan tí kòbókò kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Púpurú tó ti bu ló ń fún wọn jẹ. Èèyàn burúkú ni, mi ò ní bò ó.

Lọ́jọ́ kan, Gàfárù ṣubú sínú ẹrẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ògúnlànà ní ó ń díbọ́n ni, ó nà án títí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi bó. Egbò náà kẹ̀, ibà sì dá a wó. Ṣùáíbù dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, ni Ògúnlànà bá fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lórí mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí Ṣùáíbù ń rò ju bí àbúrò rẹ̀ yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn láàyè.

Ẹlẹ́wọ̀n kan, Kọ́lájọ, géńdé tí ọrùn rẹ̀ ki, ló dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀. Ṣùáíbù ló ń fi ọkọ̀ kó igi ìdáná wá fún ọgbà náà. Tó bá ti gúnlẹ̀ lọ́sàn-án, tí àwọn wọ́dà bá wà nídìí oúnjẹ, àwọn tó kù yóò dìde, òun yóò sì gbé Gàfárù sọ́kọ̀. Kọ́lájọ kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ṣùáíbù ní òun gbọ́.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ò létí. Nígbà tó gúnlẹ̀, ó so ọkọ̀, ó gbé àjẹ̀ lé èjìká bó ti ń ṣe láti kékeré, ó sì lọ fi í ti ògiri ilé ìdáná.

Kò pẹ́ rárá tí ìjà fi bẹ́. Kọ́lájọ da omi gbígbóná lu wọ́dà kan lójú, ó já àdá gbà, ó ṣá òmíràn léjìká títí egungun fi yọ. Wọ́n fi ṣọ́bìrì la Ògúnlànà lórí, ó ṣubú, wọ́n rò pé ó ti kú. Ẹnì kan sọ iná sí ìmọ̀ọ̀pẹ. Ìbọn dún, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ń ṣubú, ẹ̀jẹ̀ ń kán gba àárín pákó sínú omi. Ṣùáíbù kò wọ̀tún, kò wòsì. Ó gbá orí wọ́dà tó dí i lọ́nà mọ́ ògiri, ó gbé Gàfárù pọ̀n, ó sáré dé ọkọ̀, ó tú okùn, ó nawọ́ láti mú àjẹ̀.

Gàfárù gbórí sókè. “Ẹ̀gbọ́n, àjẹ̀ dà?”

Áà, ayé le! Ṣùáíbù sáré padà sínú iná. Àjẹ̀ ṣì wà níbi tó fi í tì, orí rẹ̀ ti ń jó. Ó fà á yọ, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n omi ti ń fà, ó ti gbé ọkọ̀ kúrò létí, Gàfárù sì ń fi ọwọ́ lásán wa omi. Ògúnlànà tí wọ́n pè lókùú ti dìde, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yin ìbọn náà, Gàfárù sì dojú bolẹ̀ sínú ọkọ̀, kò gbérí mọ́.

Àjẹ̀ tó ń jó náà ni Ṣùáíbù fi lu Ògúnlànà títí apá ọ̀gá wọ́dà náà fi kán, kí àwọn wọ́dà tó kù tó fi ìdí ìbọn gbá òun náà ṣubú. Wọ́n yẹgi fún Kọ́lájọ. Ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀, ó parí, kí Ṣùáíbù tó rí ilé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jí ọkọ̀ kejì gbé, Mùínátù ní òun kò ní jẹun àfi tí ọkọ òun bá sọ ìdí tí kì í fi gbé àjẹ̀ wọlé. Ó sọ ọ́, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn án. Obìnrin náà sunkún, kò sì bá a jà mọ́. Orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sọ àkọ́bí wọn. Títí di òní, tí Ṣùáíbù bá ti òkun dé, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ní wọlé. Mùínátù á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi, á wo inú ọkọ̀, á sì padà wá.

“Àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀, bàbá Gàfárù.”

Ìgbà náà ni yóò tó wọlé.