Ndirangu àti Tọ́bò Kékeré Mumbua

Ogún ọdún ni Ndirangu ti ń tún ọkọ̀ Subaru ṣe ní Náíróbì, kò sì sẹ́ni tó ń bá a du orúkọ, àfìgbà tí Mumbua wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Láti ọjọ́ náà ni owú ti ń jẹ ẹ́ bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Bí oníbàárà bá yà sọ́dọ̀ obìnrin náà, yóò ka wákàtí tó lò níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ọgbọ́n Mumbua kò le rárá. Tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ lè lágbára, ńlá ni Ndirangu fẹ́ràn rẹ̀, èyí tó máa ń súfèé tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ṣùgbọ́n lórí ilẹ̀ gíga wa yìí tí afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́, ṣe ni tọ́bò ńlá ń sùn; ẹ́ńjìnnì á ké títí kó tó jí. Kékeré ni Mumbua ń lò, páìpù rẹ̀ sì kúrú, afẹ́fẹ́ kì í pẹ́ lọ́nà. Bí awakọ̀ bá ti tẹ ọkọ̀ báyìí, ó ti ń fà.

Wafula, oníbàárà Ndirangu láti ọdún méje, tó máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè é, kò fi bò fún un.

"Bàbá Wanja, ẹ má bínú o. Ọkọ̀ tiyín ń pariwo, ti Mumbua ń lọ. Ẹni tọ́kọ̀ ẹ̀ bá kọ́kọ́ gun òkè Limuru ní Sọ́ńdè ni mo máa gbé tèmi fún."

"Èmi lò ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, Wafula?"

"Ẹ̀yin náà kúkú ni."

Ní Sọ́ńdè náà, kálukú ṣí bónẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje. Wíwò ló wà, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn án. Bí ẹran ewúrẹ́ ṣe jinná lórí iná, gbogbo wọn ya lọ síbẹ̀. Ndirangu nìkan ló ṣẹ́ kù, pẹ̀lú síkúrú-díráfà nínú àpò rẹ̀. Kó kàn tú kílíìpù tó de rọ́bà afẹ́fẹ́ mọ́ tọ́bò ọkọ̀ Mumbua díẹ̀ ni. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń jò, ọkọ̀ ò ní í lè fà.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Iṣẹ́ ọwọ́ Mumbua mọ́ débi pé ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́. Ìgbà náà ló rí i pé kílíìpù yẹn ti tú. Mumbua gbàgbé láti dè é. Kí ló tún kù tó ń wá? Kó fi í sílẹ̀, kó lọ jẹ ẹran. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń de kílíìpù fún ogún ọdún kì í bi ẹni tó ni ín léèrè. Kó tó mọ̀, ó ti dè é le.

"Bàbá Wanja, tọ́bò mi lẹ̀ ń wò?" Mumbua ló dé lẹ́yìn rẹ̀, ó mú ẹran lọ́wọ́.

"Ó kéré jù. Ṣé ti alùpùpù lo gbé síbẹ̀ ni?"

"Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa wo ẹ̀yìn ọkọ̀ mi dáadáa láìpẹ́."

Nígbà tí wọ́n gbéra, ẹ̀yìn ọkọ̀ náà ni Ndirangu wò dé orí òkè. Kí tọ́bò ńlá tó la ojú, Mumbua ti yà ní kọ́nà kejì. Lórí òkè ni Wafula ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ lé Mumbua lọ́wọ́.

Ó ń ṣe Ndirangu bíi kó pariwo pé, "Èmi ni mo bá a de kílíìpù! Láìsí èmi, kì bá tí kúrò nísàlẹ̀!" Àmọ́ wọn á bi í pé kí ló gbé síkúrú-díráfà lọ ṣe nínú ọkọ̀ olọ́kọ̀. Ó dúró láàárín wọn, ó ń pàtẹ́wọ́.