Eku Bàámi àti Omi Ìfọwọ́

Òórùn aṣọ iṣẹ́ Bàámi ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé tí onílé wa fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó là ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni aṣọ kákí yẹn sì máa ń wà, lókè ibi tí mo ń tẹ́ ẹní mi sí. Ó máa ń rùn bí Ísáàlì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àti ìyẹ̀fun pákó, òórùn eku á sì wà lábẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, torí òórùn bàbá mi ni.

Eku funfun ni Bàámi ń tọ́jú ní yàrá àyẹ̀wò kan ní Yábàá. Òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń pààrọ̀ ìyẹ̀fun pákó tí wọ́n ń sùn lé. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fọ ọwọ́ bí i tirẹ̀. Á fọ̀ ọ́ dé ìgúnpá kó tó kúrò níbi iṣẹ́. Bó bá délé, á tún ní kí n máa da omi sí òun lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé, kí ìdọ̀tí lè ṣàn lọ. Kì í tọwọ́ bọ inú abọ́ omi. Á ní, "Ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ló ń bá àgbà jẹun," á sì da omi sí èmi náà lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo gbé korobá jáde láti lọ pọnmi. Bàbá ìyá ọmọ tuntun, tó ti Ìjẹ̀bú dé lálẹ́ àná, ni mo bá létí gọ́tà tó ń bì. Ó bì títí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu, ó wá rí mi. Ó ní, "Ọkọ̀ ló dà mí láàmú." Mo kúnlẹ̀ kí i, mo bá tèmi lọ.

Nígbà tí wọ́n sọ ọmọ lórúkọ tán, ẹ̀bà àti ìkọ́kọrẹ́ dé, pẹ̀lú ike ìfọwọ́ kan ṣoṣo. Gbogbo ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi lẹ mọ ike yẹn. Àlejò pàtàkì ló ń kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀ ọ́, onílé á tẹ̀ lé e, àwọn àgbà yòókù á tẹ̀ lé onílé, títí á fi kan àwa ọmọdé tá a jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Omi ẹ̀rọ ò yọ láti ọjọ́ Tuesday, ta ló máa dà á nù? Bó ṣe máa dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti rí bí omi àgbàrá, a ó sì tọwọ́ bọ̀ ọ́, torí wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọ tó kọ̀ ọ́ ò lẹ́kọ̀ọ́. Bàbá Ìjẹ̀bú ló kọ́kọ́ fọwọ́. Bàámi ò sí níbẹ̀. Eku ò mọ Sátidé. Ó ti lọ bọ́ wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó bẹ̀rẹ̀. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, yàrá mẹ́jọ, ilé ìyàgbẹ́ kan. Èmi náà bì títí inú mi ò fi ní nǹkan kan mọ́. Wálé àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ojú rẹ̀ jìn wọnú, ìyá wa sì ń fi ṣíbí ro omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí i lẹ́nu. Ọlọ́run ló ní a ò ní sunkún rẹ̀.

Nígbà tí ara onílé yá díẹ̀, ó pe gbogbo ilé jọ. Ìyàwó rẹ̀ nawọ́ sí Bàámi. "Bàbá Wálé, ẹ̀yin lẹ kó àìsàn eku wọlé bá wa. Aṣọ yẹn ló fẹ́ pa wá." Bàámi nìkan ni ò ṣàìsàn nínú ilé náà, ìyẹn gan-an ni wọ́n sì fi dá a lẹ́bi. Wọ́n ní ara rẹ̀ ti mọ́ ọn.

Mi ò lè gbà á. Mo ní, "Kì í ṣe eku. Bàbá Ìjẹ̀bú bì sí gọ́tà láàárọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ló sì kọ́kọ́ tọwọ́ bọ omi."

Ìgbátí tó balẹ̀ létí mi, ti Bàámi ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, ọmọdé ló ń ṣe mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jù nínú ilé yẹn ló dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tó fọ èébì sínú omi tí àwa ọmọ fi fọwọ́. Lóṣù yẹn náà, wọ́n ní ká kó jáde. Yàrá kan la rí gbà ní Muṣin, mo sì fi ilé-ìwé mi sílẹ̀. Bàámi ò gbé aṣọ iṣẹ́ wálé mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Wọ́n ní, amúkùn-ún, ẹrù ẹ́ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Ìbínú yẹn ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ ìwádìí àìsàn tí mò ń ṣe lónìí. Kòkòrò kan wà tí à ń pè ní nórófáírọ́ọ̀sì, òun ló máa ń fi èébì àti ìgbẹ́ gbuuru gba odindi ilé bẹ́ẹ̀. Mi ò lè búra pé òun ló ṣe wá, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ nìyẹn. Irú rẹ̀ tó ń ṣe ènìyàn ṣòro láti sìn ní yàrá àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ ọdún làwọn onímọ̀ fi gbìyànjú tí kò gbà. Eku ní irú tirẹ̀, tó jẹ́ ìbátan ti ènìyàn, ìyẹn kì í bá ènìyàn jà, ó sì rọrùn láti sìn. Òun là ń lò láti fi mọ ìwà ti ènìyàn, ohun tó ń pa á àti ohun tó ń fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́. Eku tí wọ́n fi ba orúkọ bàbá mi jẹ́ ló wá di ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Bàámi kó tó kú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mo mọ̀ nígbà náà. Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?"

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ síbi ìkómọ kan ní Súrùlérè. Ike ìfọwọ́ dé. Mo ti dàgbà, èmi ló kàn ṣìkẹta. Omi náà ti dúdú. Bàbá tó ṣáájú mi gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ó yá, Dókítà wa." Gbogbo ojú wà lára mi. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́, mo gbé e kọjá.

Ó dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin kékeré kan lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo omi náà, ó ní, "Mọ́mì, omi yìí ti dọ̀tí." Ìyá rẹ̀ ranjú mọ́ ọn. Ọmọ náà wá wo ọ̀dọ̀ àwa àgbà, bóyá ẹnì kan á sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo sọ̀rọ̀, mo sì gba ìgbátí. Lọ́jọ́ ìkómọ yìí, nígbà tí ọmọ náà wò wá, èmi Dókítà ti bu òkèlè àkọ́kọ́ sẹ́nu.